Gól 1 ní Liverpool, mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn ní Tottenham: bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ Dominic Solanke

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àkọsílẹ̀ Dominic Solanke, tí kò mọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé wọ́n da ti èèyàn méjì pọ̀ ni. Ní Liverpool, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 27, gól 1. Ní Bournemouth, gól 3 péré ló jẹ nínú líìgì ní sáà kan, ó jẹ 29 ní òmíràn, ó sì tún já wálẹ̀ sí 6 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àfi bí Tottenham ṣe kó mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, pẹ̀lú àfikún tó lè gbé owó náà dé 65. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kan kò ti tán ní ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń wo bọ́ọ̀lù: ṣé ojúlówó atamátàsé ni, àbí wọ́n kàn ra ọjà ọ̀wọ́n ni? Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn ní ohun tó ń kà, ó sì ní ohun tí kò kà rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù lọ, ìyẹn iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ eré tó sì gbá a parí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá pe ẹlòmíràn dìde lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kọ fún òun pẹ̀lú. Ẹni tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti lo ìṣẹ́jú 900 lórí pápá. Ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó ń lo ìṣẹ́jú méjìlá méjìlá, ti lo 120. Nínú ìwé, àwọn méjèèjì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10.

Bí ọ̀rọ̀ Liverpool ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí Solanke débẹ̀ ní ọdún 2017, àwọn mẹ́ta tó ń gbá iwájú ni Mohamed Salah, Sadio Mané àti Roberto Firmino. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan láyé tí yóò yọ ọ̀kan nínú wọn torí ọmọ ogún ọdún. Nígbà yẹn, pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni òfin Premier League gbà nínú eré kan, kò tíì di márùn-ún bó ṣe rí báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 27 yẹn, ìparí eré ló ń wọlé. Gól kan ṣoṣo tó jẹ wá ní ọjọ́ tí sáà náà parí, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí wọ́n lu Brighton 4 sí 0. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí atamátàsé ṣe ń jẹ gól sí, ẹ má pín gól sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìṣẹ́jú tó lò jọ, ẹ fi 90 pín in, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín gól. Bí ìṣẹ́jú náà kò bá tó 900, ẹ má gbára lé èsì rẹ̀ rárá, nítorí gól kan ṣoṣo lè yí i padà pátápátá.

Kó tó dé Liverpool, Chelsea ló wà, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré. Gól 12 ló jẹ ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní sáà 2014 sí 2015, kò sí ẹni tó jẹ tó o, Chelsea ló sì gba ife náà. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà Chelsea: ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọ́n ń lu Maribor 6 sí 0 nínú Champions League, ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní ọmọ ọdún 17. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n yá a fún Vitesse ní ilẹ̀ Netherlands, ó sì jẹ gól 7 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25.

Ọ̀rọ̀ yíyá yìí náà máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ẹgbẹ́ tó ni agbábọ́ọ̀lù ló ṣì ni ìwé àdéhùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó yá a ń san nínú owó oṣù rẹ̀ níwọ̀n tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò sí, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀, nígbà mìíràn ìdajì. Gól tó bá jẹ níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ tó yá a ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ kò lè ka gól Vitesse mọ́ ti Chelsea. Bó bá sì jẹ́ inú Premier League kan náà ni wọ́n ti yá a, kò lè gbá bọ́ọ̀lù lòdì sí ẹgbẹ́ tó ni ín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í gbọ́ gan-an ni bó ṣe kúrò ní Chelsea. Àdéhùn rẹ̀ parí ní ọdún 2017. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí àdéhùn bá ti parí, ọ̀fẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù ń lọ. Kí ló wá dé tí Liverpool fi san nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn? Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 24. Bí ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà bá ti fi àdéhùn tuntun lọ̀ ọ́, tí àdéhùn náà kò sì kéré sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá kọ̀ ọ́ tó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tuntun náà gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú. Bí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá rí i yanjú, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń dá iye rẹ̀. Wọ́n á wo ọdún tó lò níbẹ̀, ohun tí wọ́n ná lé e lórí, àti bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí.

Ká ní òkèèrè ló lọ, Jámánì fún àpẹẹrẹ, òfin FIFA ni wọn ì bá tẹ̀ lé, ìyẹn sì ní iye tó dúró sójú kan. Fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, iye tó ga jù jẹ́ 90,000 yúrò fún ọdún kan ìtọ́jú. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ òkèèrè fi ń wá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú ni pé mílíọ̀nù 3 yẹn kì í ṣe iye tí Solanke tó lọ́jà. Owó ìtọ́jú ni. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ní South Korea, òun sì ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà.

Bournemouth ra á ní oṣù kìíní ọdún 2019, mílíọ̀nù 19 pọ́n-ùn. Ibẹ̀ ni ojú ti rí nǹkan. Kò jẹ gól kankan nínú líìgì ní ìyókù sáà yẹn. Sáà kejì, oṣù ń gorí oṣù, kò sí gól nínú líìgì. Àfi ní oṣù keje ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti dá líìgì dúró tó sì tún bẹ̀rẹ̀, ló tó jẹ méjì lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n lu Leicester 4 sí 1. Ó tún jẹ ọ̀kan ní Everton ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Kò sì ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ mọ́: wọ́n ní ojúàmì 34, Aston Villa ní 35, Bournemouth já sí Championship, líìgì tó tẹ̀ lé Premier League nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí. Ní ti èmi, jíjábọ́ yẹn ló gbà á sílẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú Premier League ń dúró lójú kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù. Championship kò jẹ́ kí èèyàn jókòó: ẹgbẹ́ 24 ló wà níbẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, ìyẹn sì fi mẹ́jọ lé sí ti Premier League tó jẹ́ 38. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ Sátidé mìíràn. Àwọn bákì ibẹ̀ ń fi ara kan èèyàn láìtijú. Solanke jẹ gól 15 nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́, ó jẹ 29 ní èkejì, Bournemouth ṣe ipò kejì, wọ́n gòkè padà. Aleksandar Mitrović ti Fulham nìkan ló jẹ jù ú lọ ní sáà yẹn, gól 43.

Bí a bá wá fẹ́ fi gól 29 yẹn wé 19 tó jẹ nínú Premier League ní sáà 2023 sí 2024, ohun méjì la máa ṣe. Èkíní rọrùn: 29 nínú eré 46 jẹ́ nǹkan bíi 0.63 fún eré kan. 19 nínú eré 38, gbogbo wọn ló sì gbá, jẹ́ 0.5. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ bí 29 àti 19 ṣe jọ lójú. Ohun kejì ni pé ká wo irú bọ́ọ̀lù tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú Championship, Bournemouth ló máa ń di bọ́ọ̀lù mú, ẹgbẹ́ kejì á sé ara wọn mọ́ iwájú gól wọn, bọ́ọ̀lù á sì máa ya wọ inú àpótí lemọ́lemọ́. Nígbà tí wọ́n gòkè padà, nǹkan yí padà. Liverpool lu wọ́n 9 sí 0 ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n lé Scott Parker tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, Gary O'Neil sì gbà á. Ní gbogbo sáà yẹn, ohun tó jẹ wọ́n lógún ni kí wọ́n má tún já. Solanke jẹ gól 6, ṣùgbọ́n ó gbé 7 sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti jẹ. Ẹni tó bá wo 6 nìkan á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ á rí 13, nínú ẹgbẹ́ tí kì í sábà rí bọ́ọ̀lù mú.

Andoni Iraola dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Bournemouth ní ọdún 2023, ó sì yí iṣẹ́ ẹni tó wà níwájú padà. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí kì í wọ inú àkọsílẹ̀ kankan.

Ẹ wo ẹsẹ̀ Solanke nígbà tí gólkípà ẹgbẹ́ kejì bá yí bọ́ọ̀lù sí ọ̀kan nínú àwọn bákì àárín méjèèjì. Kì í sáré tààrà lọ bá ẹni náà. Ó máa ń gba àárín àwọn bákì méjèèjì wọlé, tí yóò sì fi ìsáré rẹ̀ ya ọ̀nà kọrọdọ bí ìkọ́, débi pé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù lè gbà padà sọ́dọ̀ bákì kejì. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù á wòkè, á rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣí, ìyẹn apá ibi ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ fún Bournemouth ti ń dúró dè é. Bó bá jẹ́ pé tààrà ló sáré, bákì náà á kàn fi àtẹ́lẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀, ìsáré yẹn á sì di asán. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bọ́ọ̀lù á gba àárín kọjá, gbogbo ẹgbẹ́ á sì máa sáré padà sẹ́yìn. Torí náà kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ yìí, ìgbà tí èèyàn gbéra ló ṣe pàtàkì jù. Bó bá sì yọrí, ìtòsí gól ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ti máa gba bọ́ọ̀lù náà, nígbà tí àwọn bákì ibẹ̀ ti fọ́nká.

Iṣẹ́ kejì ni ti gbígba bọ́ọ̀lù nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí gól. Solanke ga, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, á ti sún ẹ̀yìn mọ́ bákì tó ń ṣọ́ ọ, á na apá díẹ̀ kó lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí onítọ̀hún wà. Ẹsẹ̀ tó jìnnà sí bákì náà ló fi ń gba bọ́ọ̀lù. Bó bá fi èyí tó sún mọ́ ọn gbà á, ẹsẹ̀ bákì á kan bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fún ẹni tó ń sáré bọ̀ láti àárín ní bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì yí padà sáré wọ àpótí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà nígbà yẹn, òun ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ó jẹ gól mẹ́ta ní Nottingham Forest ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2023, Bournemouth borí 3 sí 2, Premier League sì fún un ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù fún oṣù náà. Nígbà tí yóò fi kúrò ní Bournemouth, gól 77 ló ti jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 216.

Ó wá ku owó. Mílíọ̀nù 55 pẹ̀lú àfikún 10 kì í ṣe 65 tí wọ́n san lọ́jọ́ kan. Owó tó dájú ni 55, wọ́n sì sábà máa ń pín irú owó bẹ́ẹ̀ san. Àfikún 10 dúró lórí ohun tó bá ṣẹlẹ̀, irú bíi iye eré tó bá gbá tàbí ife tí ẹgbẹ́ bá gbà. Ohun tó tún ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́. Àdéhùn ọdún 6 ló tọwọ́ bọ̀, tí yóò parí ní 2030. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ lè pín owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù sí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn, bó wù kó gùn tó. Láti òpin ọdún 2023, Premier League ní kò gbọ́dọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Torí náà, fún ọdún márùn-ún, 11 mílíọ̀nù ni 55 náà ń jẹ́ nínú ìwé lọ́dún kan, owó oṣù rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ti ẹgbẹ́ tó tà á yàtọ̀: èrè tó wà níbẹ̀ ń wọlé lọ́dún kan náà pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ kékeré fi lè ta ẹnì kan ṣoṣo kí ìwé wọn sì gún.

Ṣùgbọ́n gbogbo èrè náà kọ́ ló jẹ́ ti Bournemouth. Ìròyìn tó jáde nígbà náà ni pé Liverpool ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ọdún 2019 pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún èrè jẹ́ tiwọn bí wọ́n bá tún un tà. Ẹ yọ 19 kúrò nínú 55, ó ku 36. Ìdá 20 nínú rẹ̀ jẹ́ 7.2 mílíọ̀nù. Lórí èrè ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lórí gbogbo owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tí mo ń rí ti ń dàrú.

Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tottenham tún da àwọn èèyàn rú. Gól 9 nínú líìgì. Ẹgbẹ́ náà ṣe ipò 17, ipò tó kẹ́yìn kí èèyàn tó já. Ó fi orúnkún pa nígbà ìdánrawò ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó sì pẹ́ kó tó padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka gbogbo ìdíje pọ̀, gól 16 ló jẹ, àwọn tó wúwo jù nínú wọn kò sì sí nínú líìgì rárá. Nínú Europa League, pẹnáritì rẹ̀ ni gól kan ṣoṣo tí wọ́n fi borí Eintracht Frankfurt ní Jámánì ní oṣù kẹrin. Ó jẹ gól nínú eré méjèèjì tí wọ́n gbá pẹ̀lú Bodø/Glimt kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, ní Bilbao, wọ́n lu Manchester United 1 sí 0, wọ́n gba ife, èyí àkọ́kọ́ láti ọdún 2008. Bí ẹgbẹ́ tó ṣe ipò 17 ṣe wọ Champions League nìyẹn: ẹni tó bá gba Europa League ní àyè níbẹ̀, ipò yòówù kó ṣe nílé.

Ìbéèrè kan wà tí àwa Yorùbá kì í yéé béèrè. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Dominic Ayodele Solanke-Mitchell. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Reading ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1997. Ayọ̀délé, Ṣólàńkẹ́: kí ló dé tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles? Ọ̀pọ̀ gbà pé ọjọ́ tó wọ aṣọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòdì sí Brazil ní Wembley, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2017, ni ọ̀nà ti dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn, eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kì í so ẹnikẹ́ni mọ́ orílẹ̀-èdè kan lójú FIFA. Gbígbá tó gbá fún àwọn ọ̀dọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dí i lọ́wọ́ pẹ̀lú, níwọ̀n bí òfin Nàìjíríà ti ka ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà sí ọmọ ìbílẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí.

Lẹ́yìn eré Brazil yẹn, ọdún méje ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún lò ó, ọ̀nà Nàìjíríà sì wà ní ṣíṣí fún un ní gbogbo àkókò náà. Òfin tí FIFA tún ṣe ní ọdún 2020 gba èèyàn láyè láti yí padà lẹ́yìn eré ìdíje pàápàá, ṣùgbọ́n àwọn eré náà kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kó tó pé ọmọ ọdún 21 ló gbá wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Solanke wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní Wembley nígbà tí Greece lu Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 2 sí 1. Nations League ni, eré ìdíje ni, ó sì ti pé ọmọ ọdún 27. Ìgbà tó tẹ koríko pápá lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn Super Eagles tó tì.